Ìfun Àgbàlagbà àti Ìdí Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Akínyẹlé, Ìdó àti Ọ̀nà-Àrà, kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín nípa ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó bá so, kíkú ló ń kú, ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Tí ìdí náà bá wá gbó, ọmọ tó ń yọ kì í sanra mọ́, èso á sì máa kéré sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfun bàbá àti ìyá wa.

Awọ inú ìfun kì í pẹ́ lára. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ti àtijọ́ á ti ṣí, tuntun á ti bo ibẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tíntìntín tí ara wa fi wà; sẹ́ẹ̀lì ìyá, èyí tó fara pamọ́ sísàlẹ̀ àwọn kòtò tíntìntín inú ìfun, ló ń bí tuntun yìí. Ní 2007, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Hans Clevers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Netherlands rí àmì tí wọ́n fi ń dá sẹ́ẹ̀lì ìyá wọ̀nyí mọ̀.

Bí ọjọ́ orí bá gòkè, sẹ́ẹ̀lì ìyá kì í bímọ dáadáa mọ́. Awọ á fẹ́lẹ́, kòkòrò àìfojúrí á ráàyè yọ́ wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara á sì dìde ogun. Ogun náà tún ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ìyá léṣe. Iná abẹ́ eérú ni: kò jó fòfò, kò sì kú. Lára eku àti eṣinṣin ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí à ń da èèpo iṣu àti eérú sí nídìí. Ó máa ń pẹ́ ju ti oko lọ. Oúnjẹ ìdí ìfun ni ewédú, gbẹ̀gìrì, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ẹ̀wà. Kòkòrò rere inú ìfun ńlá ló ń jẹ fọ́nrán wọn, ìyẹn apá oúnjẹ tí inú wa kì í lè dà, ohun tí wọ́n sì ń pèsè níbẹ̀ ni awọ ìfun fi ń gbéra. Ẹ má jẹ́ kí àmàlà nìkan kún àwo bàbá. Tí eyín kò bá sí, ẹ gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí inú má baà wú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni oògùn ara ríro. Ẹni tó ń ti oko dé tó ń gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì lójoojúmọ́ ń dá ọgbẹ́ sí ìfun tí kò lágbára láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ohun mìíràn tí ẹ lè lò. Àgbo tó ń mú ni yàgbẹ́ léraléra náà kò dára fún arúgbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó lè jẹ́ ìfun tó wú, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tó ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ, rírù láìnídìí, tàbí ìgbẹ́ tó ń jí ni lóru: ẹ gbé àgbà náà lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Àwọn dókítà ibẹ̀ ló máa mọ̀ bóyá kó dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn àti ìgò àgbo tó ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ sì kó o fún dókítà.