Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Sáfà Tuntun Kún Cluster Ẹ̀dà Ìpamọ́

Àyè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń ra sáfà tuntun kún cluster (àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọ̀kan) tí wọ́n ń kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí. Àyè ti ń tán, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an ni kíkó dátà kúrò lórí dísìkì àtijọ́ lọ sórí tuntun, láìdá backup alẹ́ dúró, láìsọ ẹ̀dà kankan nù. Àsìkò tí dátà bá ń ṣí kiri báyìí ni cluster máa ń ṣẹlẹgẹ́ jù, àìka àsìkò yẹn sí ló sì ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ. Ceph, sọ́fítíwíà tó ń so dísìkì ọ̀pọ̀ sáfà pọ̀ di ibi ìpamọ́ kan, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí pé ọ̀pọ̀ ló ń lò ó, ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Ẹni tó ń lo nǹkan mìíràn á rí ìṣòro kan náà pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá kún

Èyí ló burú jù, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ń bójú tó cluster rí i pé ó ti kún dé ìdá 75 nínú 100, ó ní ó ṣì kù. Ó dé 80, ó kọ̀wé sí àwọn tó ń fọwọ́ sí owó. Kí owó tó jáde, kí ẹrù tó dé, kí wọ́n tó rí àyè gbé e sí, ó ti di 88.

Bí Ceph ṣe rí láti ilé nìyí: tí dísìkì kan bá kún dé ìdá 85, ìkìlọ̀ á jáde. Tó bá dé 90, dísìkì yẹn kò ní gba dátà tó ń ṣí bọ̀ láti ibòmíràn mọ́. Tó bá dé 95, kò sí kíkọ nǹkan sí i mọ́, backup alẹ́ ọjọ́ yẹn sì ti kú nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé dísìkì kan ṣoṣo ti tó láti fa èyí. Àròpọ̀ gbogbo cluster lè máa fi 78 hàn yín, kí dísìkì kan sì ti wà ní 93 ní kọ̀rọ̀ kan. Nítorí náà, `ceph df` nìkan kò tó. Ẹ lo `ceph osd df tree`, kí ẹ sì fojú gba ìlà kọ̀ọ̀kan, pàápàá òpó tó ń sọ bí dísìkì ṣe kún tó. Ibẹ̀ ni òtítọ́ wà.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ ká dúró. Ẹ jẹ́ ká ní node (sáfà inú cluster) 5 tó dọ́gba, tí ìkọ̀ọ̀kan sì kún dé 80. Bí ọ̀kan bá kú lónìí, ohun tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi lọ lórí mẹ́rin tó kù. 80 lọ́nà 5 jẹ́ 400, ẹ pín in sí ọ̀nà 4, ó jẹ́ 100. Kò sí àyè rárá. Cluster náà kò lè tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ̀dà tó kù á sì máa dá dúró láìsí ìkejì tó pé títí tí ẹ fi máa rí sáfà mìíràn. Tí ẹ bá fẹ́ kí node kan kú, kí mẹ́rin tó kù má sì kọjá 85, ìdá 68 ni òpin yín. Ọjọ́ tí ó bá ti ń sún mọ́ 60 ló ti yẹ kí ìwé owó wà lórí tábìlì.

Kí ẹ tó kọ ìwé yẹn, ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀dà àwọn kọ̀ǹpútà tí a ti pa tì lọ́dún méjì sẹ́yìn lè ṣì wà níbẹ̀ nítorí pé iye ọjọ́ ìpamọ́ kò ní òpin. Iṣẹ́ tó máa ń gbá dátà tí a ti pa rẹ́ jáde sì lè ti dúró láìsí ẹni tó mọ̀. Mo ti rí ibi tí àyè tó pọ̀ ti yọ lẹ́yìn àtúnṣe bẹ́ẹ̀, tí ríra fi di ohun tó lè dúró.

Sáfà ràgàjì kan ṣoṣo kì í yanjú rẹ̀

Ẹni tó ń tajà á sọ fún yín pé node kan tó ní dísìkì ńláńlá ló dín owó kù jù. Ẹ gba ìṣirò yìí kí ẹ tó dá a lóhùn. Ẹ ní node 3, ìkọ̀ọ̀kan ní 40 TB, ẹ sì ń pa ẹ̀dà 3 mọ́ sórí node 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí Ceph ṣe ń ṣe láti ilé. Àyè tí ẹ lè lò gan-an jẹ́ 40 TB. Ẹ wá ra node kẹrin tó ní 120 TB. Àròpọ̀ di 240 TB, ẹ pín in sí 3, ẹ ní ẹ ti ní 80.

Irọ́ ni. Ẹ̀dà méjì ohun kan náà kò gbọdọ̀ wà lórí node kan, torí náà node ńlá náà lè gba ẹ̀dà kan péré nínú mẹ́ta. Ibi tí ẹ̀dà méjì tó kù máa wà ni àwọn node kékeré mẹ́ta, 120 TB sì ni gbogbo àyè wọn. Ohun tó pọ̀ jù tí cluster yẹn lè gbà ni 60 TB. Ìlàjì node tuntun náà á wà lófo, kò sí bí ẹ ṣe máa tò ó. Ká ní node 40 TB kan péré lẹ ra, ẹ ò bá ní nǹkan bíi 53 TB. Ìyẹn ni pé 80 TB tí ẹ fi owó kún un mú kìkì 7 TB wá. Node 40 TB mẹ́ta ló máa fún yín ní 80 tí ẹ ń wá.

Pẹ̀lú ìyẹn, gbogbo dátà tó ń ṣí á gba ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà kan ṣoṣo wọlé, nígbà tí node mẹ́ta ì bá pín in láàárín ara wọn. Bí dísìkì ńlá sì ṣe ń gba dátà jù lọ náà ni iṣẹ́ kíkà àti kíkọ á máa wá bá a jù lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè má yá ju dísìkì kékeré lọ.

Àwọn tó ń lo erasure coding, ìyẹn gígé dátà sí ègé pẹ̀lú ègé àfikún dípò pípa odindi ẹ̀dà mọ́, ẹ rántí pé 4+2 (ègé dátà 4, àfikún 2) fẹ́ node 6 ó kéré tán tí ẹ bá fẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan wà lórí node tirẹ̀. Fífi node kún un kò ní sọ pool (àkójọ ìpamọ́ inú Ceph) 4+2 di 8+2. Pool tuntun lẹ máa dá, ẹ ó sì kó dátà lọ síbẹ̀. Ẹ fi àyè ìyẹn kún ìṣirò yín.

Kí sáfà tuntun tó wọlé

Ẹ má kó dátà lé dísìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Dísìkì tí kò dára láti ilé iṣẹ́ máa ń tètè fi ara hàn, ó sì sàn kó kú lórí tábìlì ju kó kú láàárín ìgbà tí dátà ń ṣí. Ẹ ṣe `smartctl -t long`, àyẹ̀wò gígùn, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lẹ́yìn náà kí `fio`, ètò tó ń fi kíkà àti kíkọ dán dísìkì wò, lù wọ́n fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ yẹra fún dísìkì SMR, èyí tí ìlà ìkọ̀wé rẹ̀ gun ara wọn, pátápátá. Ó dára fún ohun tí a kọ lẹ́ẹ̀kan tí a pa tì, ṣùgbọ́n tí ìkọ̀wé bá ń rọ́ lù ú láìdákẹ́, bó ṣe máa ń rí nígbà àtúnpín, á fà bí ìgbín.

Firmware, sọ́fítíwíà tó wà nínú dísìkì fúnra rẹ̀, náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́yẹpẹrẹ mú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, HPE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kéde pé àwọn SSD kan tí wọ́n ń tà máa kú nígbà tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, àfi tí a bá yí firmware wọn padà. Ẹ ro ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún node mẹ́ta tí a tan lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè lọ láàárín wákàtí kan náà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Àwọn node àtijọ́ wà lórí MTU (ìwọ̀n páákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé) 9000, tuntun wá pẹ̀lú 1500. Ẹ ṣe ping, ó lọ, ó bọ̀, gbogbo ènìyàn ní ó ti dára. Ìgbà tí dátà gidi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, OSD (ètò Ceph tó ń bójú tó dísìkì kọ̀ọ̀kan) ń kú, OSD ń jí, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Ping lásán kéré jù láti fi ìyẹn hàn. Èyí lẹ máa lò, tòun ti àdírẹ́sì node tí ẹ ń dán wò:

`ping -M do -s 8972`

8972 àti 28 tí orí páákẹ́ẹ̀tì ń gbà ló jẹ́ 9000, `-M do` sì ń kọ̀ kí a gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ ṣe é láti node àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí tuntun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é padà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá jẹ́ méjì, méjèèjì ni.

Ẹ bá mi wo aago náà. Tí aago monitor (ètò Ceph tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ipò cluster) kan bá fi ju ìdá 0.05 ìṣẹ́jú-àáyá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, Ceph á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Chrony, ètò tó ń mú aago bára mu, ti gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí node tó wọlé. Ẹ̀yà sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú. `ceph versions` á sọ fún yín. Tí tuntun bá ga ju ti àtijọ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ gbé gbogbo cluster dé ipò kan náà, kí ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀ kí ẹ tó fi nǹkan kún un. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, ẹ má ṣe wọ́n pọ̀.

Nígbà tí dátà bá ń ṣí

Ẹ má fi dísìkì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan kí cluster máa tún ara rẹ̀ pín nígbà kọ̀ọ̀kan. Dátà kan náà á ṣí lọ síbí, á tún ṣí lọ sọ́hùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ pa á láṣẹ pẹ̀lú `ceph osd set norebalance`, ẹ fi gbogbo dísìkì tuntun kún un, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ìkọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ, kí ẹ tó wá mú àṣẹ náà kúrò pẹ̀lú `unset`.

Ẹ sì ṣírò àkókò. Node 5 ní 70 TB lórí ìkọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ 350. Tí ó bá di 6, node tuntun gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi 58 TB. Okùn 10 gígábíìtì lè gbé 4.5 TB ní wákàtí kan tí kò bá sí ohun mìíràn lórí rẹ̀, ìyẹn wákàtí 13. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn máa ń wà lórí rẹ̀: backup alẹ́ ń wọlé, dísìkì ń yí, ẹnì kan sì lè nílò fáìlì rẹ̀ padà kíákíá. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín ṣáájú, kí wọ́n má bàa ní kí ẹ yára. Láti ẹ̀yà Ceph tí wọ́n ń pè ní Quincy, mClock, apá tó ń pín agbára dísìkì láàárín iṣẹ́, ló ń darí bí àtúnpín ṣe ń yára sí. Yíyí `osd_max_backfills`, iye àtúnpín tí dísìkì kan lè ṣe pọ̀, nìkan kò ní ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lo `high_client_ops`, tó ń fi iṣẹ́ àwọn tó ń lò ó ṣáájú, ní alẹ́ tí backup ń wọlé, ẹ lè gbé e sí `high_recovery_ops`, tó ń fi àtúnpín ṣáájú, ní ọ̀sán.

Ẹ má sì fọwọ́ kan skíríìpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní Yunifásítì Kyoto ní ilẹ̀ Japan, ètò backup pa fáìlì tó tó mílíọ̀nù 34 rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá wọn, nǹkan bíi 77 TB, ti ẹgbẹ́ olùwádìí 14. Wọ́n fi skíríìpù tuntun rọ́pò àtijọ́ nígbà tí àtijọ́ ṣì ń sáré. Bash, ètò tó ń ka skíríìpù, bẹ̀rẹ̀ sí í ka tuntun láti àárín, àwọn variable tó yẹ kó ní ohun nínú ṣófo, àṣẹ tó yẹ kó pa fáìlì lọ́ọ̀gù àtijọ́ rẹ́ wá kọjú sí iṣẹ́ àwọn ènìyàn. Ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú wọn kò rí tiwọn gbà padà láti inú ẹ̀dà ìpamọ́. Iṣẹ́ ọdún pípẹ́ ni ti àwọn ẹlòmíràn lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń ṣàtúnṣe nǹkan báyìí ní agogo méjì òru pẹ̀lú ojú oorun.

Ẹni tó ń lo MinIO, sọ́fítíwíà ìpamọ́ mìíràn, ẹ má rò pé ohun àtijọ́ á ṣí fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi server pool (àwùjọ sáfà) tuntun kún un, ohun tuntun ló máa ń wọ ibẹ̀ jù. Ti àtijọ́ á dúró níbi tó wà títí ẹ ó fi pàṣẹ `mc admin rebalance`.

Àwọn tí a máa ń gbàgbé

Monitor 4 kò lágbára ju 3 lọ. Mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàyè nínú mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ tó lè fìdí múlẹ̀, nítorí náà ọ̀kan péré ló ṣì lè kú. Ẹ fi í sí 3, tàbí kí ẹ lọ sí 5.

Tí node tuntun mẹ́ta bá wà nínú rack (àgbékọ́ irin tí a ń to sáfà sí) kan náà, lórí okùn iná kan náà, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fáìlì kan lè bọ́ síbẹ̀. Ẹ pín wọn sí rack ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí CRUSH, apá Ceph tó ń yan ibi tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń lọ, sì mọ rack tí ìkọ̀ọ̀kan wà.

Ọ̀rọ̀ aṣínà BMC (kọ̀ǹpútà kékeré inú sáfà tí a fi ń darí rẹ̀ láti òkèèrè) tó wá láti ilé iṣẹ́, ẹ yí i padà kí okùn tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀dà ìpamọ́ ni àwọn tó ń fi ransomware gba owó máa ń kọ́kọ́ wá pa rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí BMC yẹn wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbogbò, ẹ má sì so àwọn node pọ̀ mọ́ domain tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọlé.

Tí ẹ bá ń fi tuntun rọ́pò àtijọ́, ẹ má yọ node àtijọ́ kankan títí dátà yóò fi kúrò lórí rẹ̀, tí `ceph -s` yóò sì fi sọ pé gbogbo PG (ìdìpọ̀ dátà inú Ceph) wà ní `active+clean`, ìyẹn pé ẹ̀dà gbogbo wọn pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ẹ̀dà kan tó ti wà ṣáájú node tuntun, ọ̀kan tó tóbi, ẹ gbà á padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ fi checksum rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá fáìlì ti yí padà) wé ti àtijọ́. Tó bá bára mu, ẹ tún gba èyí tó wọlé lálẹ́ àná. Ìgbà yẹn lẹ lè fa okùn iná sáfà àtijọ́ yọ.