Abẹ́rẹ́, Sálúbàtà Àtijọ́ àti Igi Apá: Bí A Ṣe Ń Ṣe Espresso Nílé, Tí A sì Ń Fọ Ẹ̀rọ Rẹ̀

Ẹ̀rọ espresso (kọfí kíki tí a fi agbára ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀) tó jẹ́ tòkunbọ̀ lè dé ọwọ́ yín láìsí ìtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ kọfí mọ́ inú asẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ náà wà nílé. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ó rí i ní Ọjà Ọba tàbí Orísunbáre ní Òṣogbo. Kọfí nìkan ni kò ní arọ́pò: èyí tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, tó ń yòrò sínú omi gbígbóná, kò bá iṣẹ́ yìí lọ rárá. Kóró kọfí tí wọ́n ti yan ni ẹ ó lọ̀.

Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ata. Òórùn ata àti àlùbọ́sà kì í kúrò lára ẹ̀rọ wọn, kọfí á sì gbà á. Bílẹ́ńdà náà á lọ apá kan kúnná, á fi apá kan sílẹ̀ ní hóró-hóró. Ẹ̀rọ ìlọkọfí tí a ń fi ọwọ́ yí ni kí ẹ ra. Ibi tó yẹ kí owó yín lọ nìyẹn. Kó kúnná ju iyọ̀ lọ, kó má tíì dé bí èlùbọ́.

Ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí kì í sọ òtítọ́. Kọfí gíráàmù 18 nínú asẹ́ yẹ kó di gíráàmù 36 nínú ife láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Bí asẹ́ yín bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po méjì náà ni.

Ó wá ku ìtẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn inú ẹnu asẹ́: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré jẹ́ mìlímítà 51 tàbí 54, àwọn ńlá jẹ́ 58. Ohun tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé láìhá, kí àlàfo etí rẹ̀ má ju mìlímítà 1 lọ. Ìdí ọmọ odó yípo, ìdí ìgò sì kọ sínú, nítorí náà ẹ gbàgbé méjèèjì. Nínú Òṣogbo tí agbẹ́gilére pọ̀ sí yìí, ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ igi apá tàbí ìrókò fún yín, kí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n má sì kùn ún ní fáníìṣì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ rèé. Ẹ̀rọ náà ń ti omi pẹ̀lú agbára tó tó bar 9 (bar ni òṣùwọ̀n agbára ìtì). Omi bẹ́ẹ̀ kì í bá ibi tó le jà. Ibi tó rọ̀ ló ń wá. Tó bá ti rí ihò tín-ínrín kan, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á gbà. Á fún kọfí ibẹ̀ títí yóò fi korò, ìyókù kò ní jinná, á sì kan lẹ́nu. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á túbọ̀ fi agbára tẹ̀ ẹ́. Kò ní yanjú, torí kọfí tó ti ṣù jọ lápá kan ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u ká. Ẹ gé ìdí sálúbàtà rọ́bà kan tí ẹ ti fọ̀ dáadáa, kó tóbi tó ọmọrí ìgò, ẹ gún abẹ́rẹ́ ìránṣọ mẹ́fà tó tín-ínrín jù mọ́ ọn. Ẹnu tó mú ni kó wọnú rọ́bà, kí ibi ihò òwú wà níta, kó má baà ha asẹ́. Ẹ fi ro kọfí náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí kò fi ní sí ìṣù kankan. WDT (Weiss Distribution Technique, ìlànà Weiss fún títú kọfí ká) ni àwọn oníkọfí ń pè é. John Weiss ló gbé e jáde lọ́dún 2005. Kó má baà dànù, ẹ gé àárín ìgò omi oníke, ẹ fi ṣe òrùka sẹ́nu asẹ́. Ẹ ka abẹ́rẹ́ yín kí ẹ tó gbé asẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́fà ni kí wọ́n pé, lójoojúmọ́.

Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní ṣánṣán títí kò fi ní rì mọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìka ni kí ẹ fi nu etí rẹ̀. Ẹ má gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí yóò sán. Bí kọfí bá tú jáde kí ìṣẹ́jú àáyá 15 tó pé, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sí i. Bó bá ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ padà sídìí abẹ́rẹ́. Bí ihò kan ṣoṣo bá wà nídìí asẹ́ yín, asẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń há omi mọ́ kí agbára rẹ̀ tó pé. Ẹ fo gbogbo ìdààmú yìí.

Fífọ̀ kò le. Ẹ gbọn gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ẹnu ẹ̀rọ. Kì í ṣe kànìnkànìn o, torí fọ́nrán rẹ̀ á wọ ihò asẹ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ re asẹ́ onírin tí kì í dípẹtà sínú omi gbígbóná lítà ìdajì àti ṣíbí tíì kan sódà tí a fi ń ṣe kéèkì, fún ogún ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ àlùmíníọ́ọ̀mù, ẹ má ṣe é, á dúdú.

Omi kànga ló máa ń fi ẹfun sínú ẹ̀rọ, nítorí náà piọ̀ wọ́tà ni kí ẹ máa lò. Bí ẹfun bá ti wọ̀ ọ́, bí ìwé ẹ̀rọ náà bá sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ po citric acid tí àwọn aṣọṣẹ ń rà, gíráàmù 20 sínú omi lítà 1. Ẹ jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ kọjá, ẹ pa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó jẹ́ kí ìyókù kọjá. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò dáa tó o: ṣúgà àti fọ́nrán inú rẹ̀ á dí ihò. Ẹ má sì da Hypo pọ̀ mọ́ èyíkéyìí nínú wọn láé, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ májèlé ni. Lẹ́yìn náà, kí táǹkì omi mímọ́ méjì kọjá. Ife kọfí àkọ́kọ́ tó bá jáde, ẹ dà á nù.