Tí Àwòrán Tó Ń Rìn Bá Kọ̀ Lórí Ìkànnì: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá ti ń sún mọ́lé ní Ilé-Ifẹ̀, kálukú ló máa ń fẹ́ àwòrán tó ń rìn lórí ìkànnì rẹ̀: ilé ìtura, aládìrẹ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ìgbà náà gan-an ni àwòrán máa ń ṣorí kunkun, tí ẹni tó ṣe é á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ àwòrán mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fáìlì náà ní òun nìkan nínú bùráúsà. Tó bá rìn níbẹ̀, ojú ìwé tàbí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì yín, ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Orúkọ fáìlì ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Windows kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré, ṣùgbọ́n Linux tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò máa ń fi í. Tí ẹ bá kọ ade.gif (GIF ni irú fáìlì tí àwòrán tó ń rìn sábà máa ń jẹ́) sínú kóòdù, tí fáìlì sì ń jẹ́ Ade.GIF, yóò hàn lórí kọ̀ǹpútà yín, yóò di àwátì lórí ìkànnì. Àwa tí à ń kọ Yorùbá tún ní tiwa: ẹ má fi àmì sí orúkọ fáìlì. Mo fẹ́ kí a máa fàmì sí ọ̀rọ̀ wa dáadáa, n kò sì ní yẹ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ Ọlọ́jọ́.gif méjì lè jọra lójú, kí kọ̀ǹpútà máà kà wọ́n sí ọ̀kan náà, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà tẹ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Bí kíbọọ̀dù tí ẹ fi kọ kóòdù bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi sọ fáìlì lórúkọ, sáfà á ní òun kò rí i. Ẹ pè é ní olojo.gif, kí ẹ kó àmì yín sínú alt, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán nínú kóòdù.

WhatsApp náà wà níbẹ̀. Oníbàárà láti Lágere á fi GIF ránṣẹ́, ẹ á tọ́jú rẹ̀, kò ní hàn nínú img, ìyẹn àṣẹ kóòdù tó ń gbé àwòrán sójú ìwé, lórí Chrome. WhatsApp ti sọ ọ́ di fídíò MP4 lọ́nà. Ẹ má kàn yí orúkọ rẹ̀ sí .gif, ìyẹn kò yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ bíi document, tàbí kí ẹ lò ó bíi fídíò pẹ̀lú àwọn àṣẹ kóòdù autoplay (kó dá bẹ̀rẹ̀), loop (kó máa tún ara rẹ̀ ṣe), muted (kó má pariwo) àti playsinline (kó rìn láàárín ojú ìwé). Láìsí muted, bùráúsà sábà máa ń dá a dúró. Láìsí playsinline, iPhone kò ní jẹ́ kó dá bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú ìwé.

Ẹ má sáré mọ́ GIF jù. Bí ẹ bá fi ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá sáàárín àwòrán kan sí èkejì, ọ̀pọ̀ bùráúsà á sọ ọ́ di ìdá 10 nínú 100, àwòrán á wá máa wọ́. Ẹ fi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá gbé GIF adé sórí ojú ìwé aláwọ̀ aró, funfun tó máa ń yí adé náà ká ńkọ́? Láti 1987 tí GIF ti dé, kò mọ ohun tó hàn díẹ̀: kó hàn ni tàbí kó má hàn. Ẹ yan aró yẹn ní matte, ìyẹn àwọ̀ tí a fi ń kun etí àwòrán, kí ẹ tó gbé e jáde, tàbí kí ẹ lo WebP, irú fáìlì àwòrán mìíràn tó mọ ohun tó hàn díẹ̀.

Tó bá jẹ́ fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni kò ti rìn, ẹ bi í bóyá ó ti ní kí fóònù dín ìrìn àwòrán kù. Òòyì máa ń kọ́ ẹlòmíì. Ẹ má wá ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí láti borí ààtò náà.