Bí mo ṣe pààrọ̀ púlì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́

Ní ẹbu gààrí kan n'Íjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń jẹ bẹ́líìtì bí ẹni ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Wọ́n á so tuntun, kò ní pẹ́ táá fi máa yọ̀, òórùn rọ́bà á gba gbogbo ẹbu. Ìyá tó ni ibẹ̀ ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fáwọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wo púlì ná."

Púlì ni irin róbótó tí bẹ́líìtì ń yí lórí ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà bẹ́líìtì lára ẹ̀ ń dán gbinrin. Ibẹ̀ lẹjọ́ wà: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló yẹ kí bẹ́líìtì fi di púlì mú, kò yẹ kí ìdí ẹ̀ kan ìsàlẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà yẹn ti jẹ, bẹ́líìtì wá rì wọnú.

Yíyọ ló le. Omi ẹ̀gẹ́ ti mú kó dípẹtà mọ́ ṣáàfù, ọ̀pá irin tí púlì wà lórí ẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì rin ín mọ́jú kí n tó fi púlà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa púlì yọ, fà á. Ẹ má fi òòlù lù ú o, bíárìn tí ṣáàfù ń yí nínú ẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

Oríṣi bẹ́líìtì tí wọ́n ń pè ní B ni, tí ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 17, torí náà púlì B ni mo rà n'Íjẹ̀bú-Òde, tó tóbi bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá kéré jù ú lọ, ẹ̀rọ á máa sáré àsápajúdé. Mo ti kíì, irin kékeré tó ń di púlì mọ́ ṣáàfù, bọ̀ ọ́, mo ta okùn láti ojú púlì ẹ́ńjìnnì dé ibẹ̀ kí wọ́n lè gún régé, mo sì dè é.

Ẹ̀yìn bẹ́líìtì bá etí púlì dọ́gba. Màmá da ẹ̀gẹ́ sí i, kò yọ̀. Wọ́n ṣì ní ayédèrú làwọn tọjọ́sí.