Àṣìṣe tí àwọn onílé ń ṣe lórí inṣọ́ránsì ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè ayọnáyèéfín

Bí ilẹ̀ bá ti mì níbì kan tí a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ariwo kan náà ni a máa ń gbọ́ l'Óṣogbo: kí ìjọba fi ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè ayọnáyèéfín kún inṣọ́ránsì àjálù. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ẹni tí kò ka ìwé inṣọ́ránsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò pàdánù owó, ìjọba ì báà fi àjálù mẹ́wàá kún un.

1. Yíyọ àfikún kúrò nítorí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Inṣọ́ránsì iná lásán kò ju iná, àrá àti ìwọ̀nba ìbúgbàù lọ. Ìmìtìtì ilẹ̀, òkè ayọnáyèéfín, ìjì àti omíyalé wà nínú àfikún tí ẹ máa fi owó kún owó láti rà, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò sì sábà máa ń dì wọ́n pọ̀. Onílé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun á rí “òkè ayọnáyèéfín,” á ní òun kì í gbé ní Kamẹrúùnù, á ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Ó ti yọ omíyalé nìyẹn, àti ìjì tó ń ṣí páànù. Ìmìtìtì ilẹ̀ gan-an kò jìnnà tó bí a ṣe rò. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Mpape l'Ábújá ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Ifẹ̀wàrà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé ojú ìsán àpáta (ibi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti là) wà sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níhìn-ín.

2. Gbígbà pé inṣọ́ránsì iná yóò san owó iná tí ìmìtìtì ilẹ̀ dá sílẹ̀. Kò ní san án láìsí àfikún. Bákan náà ló rí ní Jàpáánì, kí ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ níbẹ̀ gbọ́. Ọdún 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ inṣọ́ránsì ìmìtìtì ilẹ̀ tiwọn, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Niigata ní 1964. Òkè ayọnáyèéfín àti sùnámì wà nínú rẹ̀. Ẹ kò lè rà á lọ́tọ̀, ara inṣọ́ránsì iná ni wọ́n ń so ó mọ́, iye rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ti iná. Wọn kì í ka ohun tó bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n á fi ilé sí ìpele kan, wọ́n á san ìdá 100, 60, 30 tàbí 5 nínú iye tí ẹ rà.

3. Ríra á nígbà tí ilẹ̀ ti ń mì. Ní Spéìn, ọjọ́ 7 gbọ́dọ̀ kọjá kí inṣọ́ránsì ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó sáré lọ rà á lẹ́yìn tí òkè ayọnáyèéfín bú ní erékùṣù La Palma ní oṣù Kẹsàn-án 2021 ti pẹ́.

4. Iye tí ẹ kọ fún ilé. Èyí ló ń bí wa nínú jù, nítorí ojoojúmọ́ ni a ń rí i. Ká ní ẹ kọ́ ilé ní ₦12 mílíọ̀nù ní 2012, iye yẹn ló ṣì wà nínú ìwé títí dòní, ó sì máa gba ₦60 mílíọ̀nù láti tún irú rẹ̀ kọ́. Ìbàjẹ́ ₦10 mílíọ̀nù dé. Ẹ kò ní gba mẹ́wàá. Méjìlá nínú ọgọ́ta jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, nítorí náà ₦2 mílíọ̀nù ni wọ́n máa san, tiyín ni mẹ́jọ tó kù. Ó wà nínú ìwé kedere: bí iye tí ẹ kọ kò bá tó iye ilé, ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ lẹ jọ máa ru àdánù náà. Ẹ má wá pè wọ́n lólè.

Ẹ wọn ilé, ẹ sọ ọ́ di mítà onígun mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye tí kọ́ńtírátọ̀ ń gbà lórí mítà kan lọ́dún yìí. Ẹ fi owó wíwó àti kíkó àwókù kún un, àti owó ẹni tó máa ya àwòrán ilé. Ẹ yọ owó ilẹ̀, torí ilẹ̀ kì í jóná. Iye tí ẹ̀gbọ́n yín ta ilé tiẹ̀ l'Álẹ́kúwodò kò kan èyí rárá. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe lọ́dọọdún, sìmẹ́ńtì àti irin kò dúró lójú kan. Ògiri ọgbà, kànga ẹ̀rọ àti sólà, ẹ kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sì fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ: àdánù nìkan ni wọ́n ń san, owó àsandànù ni ìyókù. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú bóyá iye ilé tuntun ni wọ́n máa san àbí wọ́n máa yọ ti ògbó.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó tí onílé fúnra rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé. Ní California, ìdá 5 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni, orí iye inṣọ́ránsì ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́, wọn kì í yọ ọ́ lórí ìbàjẹ́. Ilé $400,000 tó mú ìdá 15: $60,000 àkọ́kọ́ jẹ́ ti onílé. Bí ìbàjẹ́ bá jẹ́ $50,000, kò gba kọ́bọ̀.

Ògiri tó sán nítorí pé ìpìlẹ̀ kò jinlẹ̀, tàbí nítorí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ní kúárì, kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri lọ́jọ́ tí ẹ ra inṣọ́ránsì.

Bí owó inṣọ́ránsì kò bá tíì wọlé sọ́wọ́ iléeṣẹ́, ẹ kò ní inṣọ́ránsì.

Bí àjálù bá dé, ẹ má kó àwókù kí ẹni tí iléeṣẹ́ rán tó dé. Ẹ fi tapólìn bo òrùlé, ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń bẹ ìjọba, àṣìṣe tiyín ni bíbéèrè pé kí ó jẹ́ ìfínnúfíndọ̀. Bí èsúsú tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kó lọ́la nìkan ló ń dá a ni yóò rí: ẹni tí ewu sún mọ́ nìkan ló máa rà á, owó á sì tán. Òkè ayọnáyèéfín bú ní erékùṣù Heimaey ní Àísílándì ní 1973. Ní 1975 wọ́n dá inṣọ́ránsì àjálù sílẹ̀, dandan ni fún gbogbo ilé tó ní inṣọ́ránsì iná. New Zealand bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìbàjẹ́ ogun ní 1945, òkè ayọnáyèéfín wọlé lẹ́yìn náà. Ara owó inṣọ́ránsì iná ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí aṣòfin yín, ẹ béèrè pé kí wọ́n so ó mọ́ inṣọ́ránsì iná, kí wọ́n kọ iye tó pọ̀ jù tí wọ́n máa san sínú òfin, kí àpò owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún pàjáwìrì, tó ń pín ìrẹsì àti mátírẹ́ẹ̀sì.