Bí A Ṣe Ń Dá Igi Mọ̀ Nínú Páàkì: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ojú Ewé

Mo ti kó àwọn ọmọ ilé wa àti ọmọ aládùúgbò lọ sí Millennium Park ní Maitama, nílùú Àbújá, láìmọye ìgbà. Àṣìṣe kan náà ni mo ń rí lọ́wọ́ ọmọdé àti àgbà níbẹ̀. Ẹnìkan á dúró sábẹ́ igi, á já ewé wẹ́rẹ́ kan, á gbé e sókè, á ní, "Dóńgóyárò rèé!" Ọ̀gànwó ló sì dúró sí abẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ṣì í lọ́nà.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá, ewé máa ń wà lórí igi dáadáa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, osè á ti wọ́wé tán, ẹ̀ka lásán lẹ máa bá. Ẹ mú ìwé dání, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́, torí pẹ́ńsù kì í ṣàn bí òógùn bá kàn án. Èmi kì í mú rúlà. Ilé ni mo ti wọn ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi nígbà tí mo bá ya ìka: láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ wọn tiyín náà kí ẹ tó jáde.

Ó ku ibi tó le. Kí ẹ tó já ohunkóhun, ẹ wá ojú ewé. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí mọ ohun tí mò ń pè lójú: kókó kékeré tí ẹ̀ka tuntun máa ń gbà yọ. Ní ìdí ewé, níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, ojú máa ń wà níbẹ̀. Ẹ di ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ ewé kan mú, kí ẹ fi ìka tọ ọ̀pá rẹ̀ lọ sí ìdí. Bí ẹ kò bá kan ojú, wẹ́wẹ́ ara ewé lẹ dì mú, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ewé kéékèèké tí ewé ńlá kan pín sí. Ẹ máa tọ̀ ọ́ lọ. Ibi tí ẹ bá ti kan ojú ni ìdí ewé gan-an, gbogbo ohun tó sì wà láti ibẹ̀ síta, ewé kan ṣoṣo ni, ìbáà ní ogún wẹ́wẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kánjú níbí. Mo ti rí àgbàlagbà tó fi odidi wákàtí méjì kọ orúkọ igi sínú ìwé, tí a sì ní láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ torí pé wẹ́wẹ́ ló ń kà sí ewé.

Bí ẹ bá ti rí ojú, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ewé mángòrò, emi (igi òrí) àti tíìkì kò pín rárá. Ti dóńgóyárò àti ọ̀gànwó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kan bí ìyẹ́ ẹyẹ. Wẹ́wẹ́ ti osè àti àràbà yọ láti orí ọ̀pá kan náà bí ìka ọwọ́. Ti irúgbá àti pánṣẹ́kẹ́, igi olódòdó pupa tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì, tún pín sí ọ̀pá kéékèèké, wẹ́wẹ́ rẹ̀ sì rí tín-ín-tìn-ín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún osè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù: ewé rẹ̀ kì í tíì pín. Igi tó ti dàgbà ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

Etí wẹ́wẹ́ dóńgóyárò rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Ti ọ̀gànwó dán láìní eyín, èso rẹ̀ sì le bí igi, ó rí roboto, ó máa ń là sí mẹ́rin. Ní ti irúgbá, èso rẹ̀ máa ń so rọ̀ ní ìdì láti orí kan, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè sì wà nínú rẹ̀. Èso pánṣẹ́kẹ́ pẹlẹbẹ bí àdá, ó sì lè gùn ju ìbú ọwọ́ mi méjì lọ.

Ewé emi máa ń ṣùjọ sí orí ẹ̀ka, èèpo rẹ̀ sì sán bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Bí ẹ bá ṣẹ́ ọ̀pá ewé rẹ̀, oje funfun á yọ. Igi kan wà tó jọ ọ́ gan-an, tí àwọn Hausa ń pè ní namijin kaɗanya, ìyẹn akọ emi. Ìyẹn kò ní oje funfun. Ẹ kàn fi ojú wo oje ni, ẹ má fi ẹnu kàn án. Olómi-òjò, tí wọ́n ń fi ṣe ọgbà káàkiri Àbújá, ní oje funfun bákan náà, májèlé sì ni. Ẹ má sì fi ọ̀bẹ bó èèpo igi kankan.

Emi àti irúgbá ni àwọn àgbẹ̀ kì í gé bí wọ́n bá ń ṣán oko. Ọdún 2003 ni Ọbabìnrin Elizabeth ṣí páàkì yìí. Bí ẹ bá rí emi tí apá àgbà kò ká ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ kí i dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú oko ẹnìkan kí ìlú tó dé bá a.

Google Lens, ohun èlò orí fóònù tó ń fi àwòrán dá nǹkan mọ̀, máa ń sọ orúkọ kíákíá, ṣùgbọ́n mo máa ń fi í ṣe ìkẹyìn. Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ni mo kọ́kọ́ ń bi. Ẹ kí wọn pé "Sannu, Baba," kí ẹ tó nawọ́ sí igi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ pé kuka ni osè, ɗorawa ni irúgbá, maɗaci ni ọ̀gànwó, tsamiya sì ni àjàgbọn. Mo máa ń kọ orúkọ Yorùbá àti Hausa síbi kan náà.

Bí ẹ bá délé, ẹ to ewé sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ pẹ̀lú ojú rẹ̀, kí ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e. Ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́, pàápàá lásìkò òjò, títí ewé á fi máa dún wàrà-wàrà lọ́wọ́.