Bí a ṣe ń yan igi àti ewéko ìbílẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ò lè pa, yálà ẹ wà ní Kétu àbí ẹ wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rí àwọn èèyàn lẹ́yìn zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, tí wọ́n gbé ọmọ igi àti koríko títẹ́ tí wọ́n rà létí títì, wọ́n á gbìn ín síwájú ilé, á dùn ún wò gan-an, tó bá fi máa di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e gbogbo ẹ̀ á ti gbẹ bí igi ìdáná. Èmi náà ra irú koríko yẹn rí. Àárọ̀ bídọ̀ọ́nù kan, ìrọ̀lẹ́ bídọ̀ọ́nù kan, mo ń pọnmi fún un bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, oṣù kìíní ò tíì parí tó fi kú. Ẹni tó bá mọ bí kànga ṣe jìn tó ní Kétu níbí, ní Benin, á mọ̀ pé omi tí mo dà nù yẹn, ó dùn mí.

Ohun tó jẹ́ kí n wá jókòó kọ ọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Denver, ní Amẹ́ríkà. Ó pè mí lórí WhatsApp, ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, kí n bá òun ronú sí ohun tóun lè gbìn síwájú ẹ̀ torí iṣẹ́ igi gbígbìn ni mò ń ṣe. Ó ní òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ò ju bíi 360 mílímítà lọ́dún, bẹ́ẹ̀ òtútù ibẹ̀ lè mú débi tí ilẹ̀ á fi dì gbagidi. Mo wò ó pé tiwa ní Kétu tó bíi 1 000 mílímítà lọ́dún, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tiwọn, kí ló wá dé tí àwa náà ń sunkún omi? Ìdí ẹ̀ ni pé tiwa máa ń ya lu ara wọn láàárín oṣù díẹ̀, tó bá ti di ìparí oṣù kọkànlá, ọyẹ́ dé, a lè má rí òjò gidi títí oṣù kẹta. Igi tó bá máa yè lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ lè fi oṣù mẹ́ta mẹ́rin gbààwẹ̀, tó bá sì jẹ́ tọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ kó tún sùn nínú yìnyín. Àmọ́ ọ̀nà tí a fi ń yan án, ọ̀kan náà ni.

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo igbó lóṣù kejì

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú ìwé àti bíírò, ẹ rìn jáde sí ọ̀dàn, sí ààlà oko, sí ẹ̀yìn ilé àwọn àgbà, nígbà tí ọyẹ́ ti fẹ́ gbogbo nǹkan gbẹ. Ohun tẹ́ ẹ bá rí tó tutù yọ̀yọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ò bá mọ orúkọ ẹ̀, ẹ já ewé kan, ẹ mú un lọ fún ìyá àgbà tàbí àwọn tó ń ta ewé àti egbò lọ́jà, wọ́n á sọ orúkọ ẹ̀, wọ́n á tún sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ìwé yẹn ni lísìtì yín, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa rí lórí fóònù tó máa dára jù ú lọ, torí inú ilẹ̀ yín ló ti wá. Àwọn tó bá wà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lè lọ sí Jardin des Plantes et de la Nature, ẹ ó rí àwọn igi ńláńlá níbẹ̀, ìrókò wà lára wọn, àmọ́ ẹ rántí pé òjò Àjàṣẹ́ pọ̀ ju ti Kétu lọ, igi tó gbádùn níbẹ̀ lè jìyà lọ́dọ̀ wa.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kóun náà lọ sí pápá ìta ìlú wọn nígbà tí oòrùn bá mú jù, kó wo ohun tó ṣì dúró.

2. Kì í ṣe gbogbo ohun tá a bá láyé ló jẹ́ ìbílẹ̀

Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Igi kajú tó kún ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), láti Brazil ló ti wá. Màngòrò, dongoyárò àti tíìkì, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá. Lápálápá tí gbogbo wa mọ̀ látìgbà ọmọdé, ọ̀nà Mẹ́síkò lọ́hùn-ún ló ti wá. Mi ò ní kẹ́ ẹ gé wọn o, kajú ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, màngòrò ń fún wa ní ìbòòji. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ẹni tó ń ta igi bá sọ pé "ìbílẹ̀ ni," ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìbílẹ̀ ni pé oyin, ẹyẹ àti àdán ibí mọ̀ wọ́n, wọ́n á wá, ọgbà yín ò ní dákẹ́.

3. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún, ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún dà á lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ wá máa wo aago. Ilẹ̀ pupa Kétu á fà á mu kíá, gbòǹgbò sì lè wọ inú ẹ̀ lọ jìnnà, igi tó ní gbòǹgbò gígùn ló bá a mu. Ṣábẹ̀ẹ́ ní àpáta, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́lẹ́ lórí òkúta ẹ máa gbin kékeré, ẹ fi igi ńlá sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi òkè ń ṣàn bọ̀. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yin mọ ohun tí ojú yín ń rí, lójò ó di ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, lẹ́ẹ̀rùn ó lanu tí ọwọ́ lè wọ inú ẹ̀, ó sì lè já gbòǹgbò ọmọ igi. Ẹ kó ewé gbígbẹ bò ó dáadáa.

4. Yíyàn gan-an

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé.

Fún ọgbà yíká ilé, peregún àti akòko ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ gé ọ̀pá wọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, á hù, kò ní kẹ́ ẹ ra nǹkan kan. Kò sígbà tẹ́ ẹ máa dé ìdí peregún tẹ́ ẹ máa bá a láìláṣọ lára, àní nínú ọyẹ́. Akòko tún ń yọ òdòdó àlùkò tó rẹwà, ewé tí wọ́n fi ń jẹ oyè sì ni, ohun iyì ni lójúde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ewúrẹ́ má lè wọlé, ẹ fi orin ata kún un, ẹ̀gún wà lára ẹ̀, ẹ ó sì máa rí pákò fi run ẹnu.

Fún iwájú ilé níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ohun tó dùn ún wò, ọjà ìkokò ni tèmi. Inú ewé ẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí, ohun tó ń pa á ni omi àpọ̀jù, mo ti rí ẹni tó ń bu omi sí i lójoojúmọ́ títí tí ìdí ẹ̀ fi jẹrà. Oró náà lẹ́wà láàárín òkúta, ó rí bíi káktọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n oje ẹ̀ léwu gidi fún ojú, ilé tí ọmọdé bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìn ín.

Fún ìbòòji, ọ̀dán. Ìdí ẹ̀ náà ni àwọn baba wa máa ń jókòó sí. Ẹ̀ka ẹ̀ lásán tẹ́ ẹ bá gbìn á hù, àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ lágbára, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri àti sí ibi tẹ́ ẹ gbẹ́ kó omi òjò sí. Tí ilẹ̀ yín bá fẹ̀, ẹ gbin igi irúgbá, òdòdó ẹ̀ pupa roboto bíi bọ́ọ̀lù, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń yọ nígbà tí nǹkan míì ò rí tiẹ̀ ṣe, àdán á sì wá bá a lálẹ́. Èso ẹ̀ ni irú tá à ń jẹ. Àyìn náà le, ọyẹ́ ò tó nǹkan lójú ẹ̀. Tó bá jẹ́ igi òrí lẹ bá lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí èyí tẹ́ ẹ bá gbìn tó so, èyí tó ti dúró yẹn, ẹnì kan ló dá a sí fún yín.

Nídìí balùwẹ̀ tí omi ń ṣàn jáde sí, ibẹ̀ ni ewúro àti ẹfinrin ń gbé. Òfin ẹ̀ nìyẹn: èyí tó ń pòùngbẹ kó wà nítòsí omi, èyí tí kò pòùngbẹ kó wà lọ́hùn-ún, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, Denver gan-an ni iléeṣẹ́ omi wọn ti dá ọ̀rọ̀ xeriscape sílẹ̀ lọ́dún 1981, ìyẹn ọgbà tí kì í jẹ omi. Wọ́n ní máàpù kan ní Amẹ́ríkà tó pín ilẹ̀ sí ọ̀nà 13 gẹ́gẹ́ bí òtútù ṣe ń mú tó, ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà tiẹ̀ kó tó ra nǹkan, tọ̀dọ̀ wọn jẹ́ 5 tàbí 6. Ó wá yan koríko blue grama dípò koríko tó ń fẹ́ omi lójoojúmọ́, ó yan penstemon fún òdòdó, ó yan yucca àti rabbitbrush fún ibi tí oòrùn ń pa jù. Gbogbo wọn, ọmọ bíbí ilẹ̀ yẹn ni.

5. Rírà àti gbígbìn

Ẹ má ra èyí tó ga jù. Ọmọ igi kékeré tó dé orúnkún máa ń fìdí múlẹ̀ ju èyí tó ti gùn nínú ọ̀rá lọ. Ẹ yí ìdí ọ̀rá yẹn wò, tí gbòǹgbò bá ti ń yí po bí okùn, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ dúró kí òjò rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin gidi kẹ́ ẹ tó gbìn. Ní Benin, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi gbígbìn láti 1985, àkókò yẹn dáa fún Kétu, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju oṣù keje lọ torí kí gbòǹgbò lè ti rìn jìnnà kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ jẹ́ kí ihò fẹ̀, ẹ fi yèpẹ̀ ṣe ògiri kékeré yí i ká bí àwo, kí omi má bàa ṣàn lọ.

6. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́

Igi tí ẹ̀ẹ̀rùn ò lè pa, ó lè kú lọ́dún tẹ́ ẹ gbìn ín. Ẹ máa fún un lómi fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bíi lítà 10 lẹ́ẹ̀kan náà kó lè wọlẹ̀ lọ. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò jókòó sókè, níbi tí oòrùn á ti sè é. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àárín òtútù náà ni wọ́n ń bomi rin èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, lọ́jọ́ tí yìnyín ò sí nílẹ̀ tí ilẹ̀ ò dì, torí gbígbẹ ń pa gbòǹgbò wọn bí òtútù ṣe ń pa á.

Omi yẹn, orí páànù lẹ ti máa rí i. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan, nítorí náà páànù tó jẹ́ mítà 10 lóròó, mítà 5 níbùú, tí òjò bá rọ̀ 20 mílímítà, lítà 1 000 nìyẹn lọ́jọ́ kan. Ẹ wá nǹkan gbè é.

Ẹ kó koríko gbígbẹ tàbí pòpórò àgbàdo bo ìdí ẹ̀, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ara igi tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ikán ibí ò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Tí ewé bá wá gbọ̀n dànù nínú ọyẹ́, ẹ má tíì fà á tu. Bí àwọn igi ọ̀dàn míì ṣe ń tọ́jú ara wọn nìyẹn. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ díẹ̀, tó bá tutù ní àwọ̀ ewé lábẹ́, ó wà láàyè, ẹ fún un lómi ọ̀sẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ máa retí òjò oṣù kẹta.